Ohun Tó Wà Lábẹ́ Òrùlé

Guihua ń ro ẹ̀kọ àgbàdo lórí iná èédú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan tí yìnyín ti bo gbogbo òrùlé létí odò Dàxià, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́ tí ilẹ̀kùn àgbàlá dún gbì. Kò tí ì tó àsìkò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń dé. Ó yọjú. Máímunáì ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bàtà rẹ̀ rin gbingbin. Irun àgùntàn lẹ̀ mọ́ ọn lára láti èjìká dé orúnkún.

"Ta ló lé ẹ wálé?"

 Eyín ọmọ náà ń gbá ara wọn.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àbí o tún pe tíṣà yín ní Tíṣà Dúdú lójú ara rẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní kí n lọ dúró sínú ọgbà àgùntàn ọlọ́dẹ ilé-ìwé. Wọ́n ní ibẹ̀ nilé mi."

Guihua fà á wọlé, ó bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ti funfun bí ìyẹ̀fun. Kò gbé e sún mọ́ iná, torí iná kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí òtútù ti mú dé egungun. Ó ṣí aṣọ òtútù ara rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ abíyá, ó sì jókòó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ ń jó lórí iná.

"Kí lo kọ?" ló bi í. Kò bèèrè ohun tó ṣe. Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ ni.

"Mo kọ ilé."

Ìdí ọ̀rọ̀ rèé, kó má bàa rú ẹnikẹ́ni lójú. Ẹran kan wà tí àwa Mùsùlùmí kì í jẹ, tí a kì í sìn, tí a kì í tilẹ̀ fi ẹnu wa dárúkọ. Ẹran dúdú là ń pè é, bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń pe ejò ní okùn ilẹ̀. Orúkọ ìdílé tíṣà Máímunáì wá dún bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú orúkọ ẹran yẹn. Ará Sìchuān ní ọ̀nà jíjìn ni obìnrin náà, kò mọ àṣà wa. Kì í ṣe òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu tó fi ń kírun pè é? Bó ṣe di Tíṣà Dúdú nìyẹn, lẹ́nu ọmọdé, lẹ́nu àgbà. Àwọ̀ ara rẹ̀ ló rò pé wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́yà, ó sì ti na ọmọ púpọ̀ lórí ẹ̀.

Ti "ilé" ló wá burú jù. Nínú ìwé àwọn Han, ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè wa, bí wọ́n ṣe ń kọ ilé ni pé wọ́n á ya òrùlé sókè, wọ́n á sì kọ ẹran dúdú yẹn sábẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wọn ló gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹni tó ń kọ ọ́ lónìí kì í rántí ẹran kankan, bí ẹni tó ń wọ bàtà kì í rántí màlúù. Àwa náà ń kọ ọ́. Ó wà lára ilé oúnjẹ wa tí a kọ hàláàlì sí. Kò sẹ́ni tó yẹ abẹ́ òrùlé náà wò rí, àfi ìgbà tí Bàbá Mín, oníṣòwò awọ, wá mu tíì ní yàrá Ànáì, ìyá ọkọ Guihua. Bàbá Mín fẹ́ràn àwàdà. Ó ti ìka bọ tíì, ó fi kọ ilé sórí tábìlì, ó ní, "Ànáì, ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ti da ẹran dúdú sínú ilé yín? Òun rèé, ó ń sùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó mu tíì rẹ̀ tán, ó lọ sílé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Mín kọ́ ni ọ̀ràn wá bá.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ànáì pe Máímunáì, ó ní kó búra pé òun ò ní kọ ẹran yẹn láéláé. Ọmọ búra.

Láàárọ̀ Jímọ̀ yìí, tíṣà ní kí kálukú kọ ilé. Máímunáì ronú títí. Kò fẹ́ ba ìbúra jẹ́, kò sì fẹ́ fi abẹ́ òrùlé sílẹ̀ lófìfo. Wọ́n ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ àgùntàn. Ó kọ àgùntàn síbẹ̀.

"Kí nìyí?" ni tíṣà bi í.

"Àgùntàn ni, Tíṣà. Hàláàlì ni."

Kíláàsì hó gèè. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa. Lọ bá àwọn ará ilé ẹ." Inú yìnyín ni ọmọ náà wà títí ọlọ́dẹ fi ṣàánú rẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn ọgbà fún un pé kó máa sá lọ sílé.

Nígbà tó di ọ̀sán, Ìyá Érsà, aládùúgbò wọn, wọlé wá pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ àti Máímunáì jọ wà ní kíláàsì kan náà.

"Ìwúkàrà díẹ̀ ni mo wá tọrọ o, Guihua." Ojú rẹ̀ ti wà lára ọmọ. "Ẹn-ẹ́n, ó ti délé? Érsà ò tíì dákẹ́ ẹ̀rín. Ó ní wọ́n ti fún un lórúkọ tuntun. Ìyàwó Àgbò."

"Ìwúkàrà lẹ ní ẹ wá gbà, Ìyá Érsà."

"Mò ń gbà á, mò ń gbà á. Ṣé ẹ ti gbọ́ pé Tíṣà Dúdú ń bọ̀ nírọ̀lẹ́? Ojú gbogbo kíláàsì ló ti sọ ọ́. Ó ní tí ọmọ bá kọ ilé níwájú yín, tó kọ ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀ síbẹ̀, á jókòó sáyè ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Tí ò bá kọ ọ́, kó padà lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń kọrin labalábá, di ọdún tó ń bọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ọmọ ẹlòmíì kì í ṣe ọmọ mi."

Láti orí ibùsùn amọ̀ tí iná ń mú gbóná nísàlẹ̀, ọkùnrin kan wúkọ́. Dáwúdè ni, àbúrò ọkọ Guihua, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Lásà, ìlú orí òkè tó jìnnà réré. Àná ló dé, ó sì ti ń jẹun látàná. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Lásà, ó ń wá ọmọdébìnrin tí yóò máa pọ̀n ọmọ fún un. Ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n sì ti fún un lésì: bí Máímunáì bá wà nílé-ìwé, kò lọ, bí wọ́n bá lé e kúrò ní kíláàsì rẹ̀, kó máa mú un lọ.

"Ìyàwó wa," ni Dáwúdè wí, "ṣé ẹ̀kọ ló jó yẹn àbí ọkàn rẹ? Ọ̀la ni mò ń lọ. Má da ara ẹ láàmú. Lọ́dọ̀ wa, kò sẹ́ni tó máa ní kó kọ ilé. Kó ṣáà gbá a."

Ìyá Érsà rẹ́rìn-ín ó sì tún fọwọ́ bo ẹnu. Ó gba ìwúkàrà. Kò lọ.

Ànáì ti jáde láti yàrá rẹ̀ báyìí, obìnrin kékeré, ìbòrí funfun àwọn arúgbó lórí rẹ̀. "Torí àgùntàn ni wọ́n ṣe lé e? Ẹran tí Ànábì Ìbúráímù fi ra ọmọ rẹ̀ padà? Ọmọ yìí gbọ́n ju tíṣà rẹ̀ lọ."

"Ànáì, ọgbọ́n yẹn ló fẹ́ gé ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù."

"Orúkọ ta ni kò lè kọ nínú ilé yìí? Tèmi, ó kọ ọ́. Ti bàbá ẹ̀, ó kọ ọ́. Ti bàbá-bàbá ẹ̀ tó ti padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó kọ ọ́. Òun lẹ ń pè ní olódo?"

Òótọ́ ni Ànáì sọ. Kéú kékeré ni ọmọ náà fi ń kọ wọ́n, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu wa ojoojúmọ́ tí a fi lẹ́tà Kùránì kọ, láti ọ̀tún lọ sí òsì. Orí ibùsùn amọ̀ yẹn ni Ànáì ti kọ́ ọ, láti ìgbà tí ìka rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n tọ́ka. Kò sí lẹ́tà tó ṣòro fún un. Ní ilé-ìwé, òsì ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀, Máímunáì a sì máa kà á láti ìparí bọ̀ wá síwájú. Wọ́n ní kò mọ nǹkan kan.

"Ta ni yóò kà á, Ànáì?" Ohùn Guihua ti ń gòkè. "Ní ọsibítù, ṣé kéú kékeré ni wọ́n fi ń kọ orúkọ oògùn? Ní ibùdókọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìwé! Ìwọ tí o ò mọ ti ọ̀tún, tí o ò mọ ti òsì. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ẹ sídìí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wàá gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà lọ sọ́jà ni."

Dáwúdè rẹ́rìn-ín títí ó fi há a lọ́fun. Guihua yíjú sí ìkòkò. Ó ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò níbi tí ẹ̀kọ ti jó, ó ń ha á, ó ń ha á.

Yegubai, bàbá ọmọ, dé láti Jímọ̀. Òórùn awọ wà lára rẹ̀, ìyẹn kì í kúrò, kódà pẹ̀lú aluwàlá. Wọ́n bu ẹ̀kọ fún un. Guihua dúró tì í.

"Bàbá Máímunáì, ẹ bá ìyá yín sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tú ọmọ sílẹ̀ nínú ìbúra yẹn. Lónìí nìkan."

"Ìyá mi ni."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ náà, ìyàwó mi ni." Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ. "Ohun tí mo sọ fún Dáwúdè, mo ti sọ ọ́. Kí n má di ẹlẹ́nu méjì."

"Ọmọ yín ni!"

"Ṣé ewébẹ̀ kíkan ti tán ni?"

Ó bu ewébẹ̀ kíkan fún un. Ọkùnrin tó bá ní òun ò sí nínú ìjà ìyá òun àti ìyàwó òun, ẹ̀yìn ọmọ ló forí pamọ́ sí.

Bí wọ́n ṣe jẹun tán, Guihua fa ọmọ lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó awọ sí. Iyọ̀ tí wọ́n fi ń pa awọ mọ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ́ iyọ̀ náà pẹrẹsẹ, ó ṣí ìwé ilé-ìwé ọmọ síwájú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò lè kà á, ṣùgbọ́n bó bá rí òrùlé, ó mọ̀ ọ́n.

"Èyí tó wà níbí yìí. Kọ ọ́."

Ọmọ ya òrùlé. Ó dúró.

"Kọ ọ́ tán."

"Màmá, ọwọ́ mi ò ní lè di Kùránì mú mọ́. Ànáì ní lọ́jọ́ àjíǹde ẹran yẹn á máa tẹ̀lé mi kiri, á máa pè mí ní ìyá ẹ̀."

Guihua gbé igi tó fi ń tẹ́ ìyẹ̀fun. Ó kọ́kọ́ fi lu iyọ̀. Lẹ́yìn náà ó fi lu ọwọ́. Òtútù ti bó ọwọ́ yẹn tẹ́lẹ̀, iyọ̀ sì wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ki ọwọ́ sábẹ́ abíyá.

"Kọ ọ́!"

Òrùlé.

"Mo ní kọ ọ́!"

Òrùlé. Gbogbo ilẹ̀ ti kún fún òrùlé, bí abúlé tí àwọn ará ibẹ̀ ti sá lọ. Guihua lù ú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó sọ igi nù. Ó mú àwọn ìka ọmọ náà, ó kì wọ́n bọ ẹnu ara rẹ̀, ó ń fa iyọ̀ kúrò lára wọn, ó ń tu ú sílẹ̀.

"Ṣé o mọ Lásà?"

"Ibi tí Bàbá Kékeré ti ń ra ìlẹ̀kẹ̀."

"Èmi ò sí níbẹ̀. Ṣé o gbọ́? Tí o bá jí láàárọ̀, èmi ò sí níbẹ̀."

Ọmọ náà wo ilẹ̀ pẹ́. "Màmá, ṣé tíṣà ṣáà fẹ́ kí ẹran yẹn wà níbẹ̀?"

"Kó ṣáà wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tó fẹ́ nìyẹn."

Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ànáì ló lọ. Ànáì fi ọ̀rá àgùntàn ra á lọ́wọ́, ó sì ń ṣépè fún ẹni tó lù ú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ, torí ẹni náà wà lẹ́yìn ògiri.

"Ànáì, ohun tí a bá fi kéú kékeré kọ, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ lè wà níbẹ̀?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ kẹ̀? Lẹ́tà Kùránì ni. Ohun tó bá wọ inú ẹ̀, mímọ́ ló ń dà."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun, ọmọ mi. Sinmi."

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Wọn ò sọ ohun tí ọmọdé yóò ṣe nígbà tí ẹni tó wà nídìí pẹpẹ àti ẹni tó wà nídìí kèrègbè bá ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà.

Tíṣà dé nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Imú rẹ̀ pọ́n. Ó gbé kábéèjì méjì sínú àpò, ó jọ pé oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ ni. Yàrá kan lẹ́yìn ilé-ìwé ló ń dá gbé. Ìyá Érsà àti àwọn mìíràn ti dúró sẹ́nu géètì bí ẹni tó ń wo yìnyín.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà Dúdú," ni Ànáì wí.

"Ìyá àgbà, mo lórúkọ."

"A mọ̀ pé ẹ lórúkọ."

"Ẹ pè é nígbà náà."

Ànáì gbójú sókè, ó ń wo àjà. Yegubai ń wo bàtà ara rẹ̀.  Guihua gbé tíì wá. Ife tó ní ìdérí ni gbogbo ilé fi ń mu tíì. Ife tíṣà, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, ojú fèrèsé níta ni wọ́n ti mú un wá, ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́, kò ní ìdérí. Tíṣà wò ó. Ó fi mú ọwọ́ ara rẹ̀ gbóná, kò mu ún.

"Mi ò bá yín jà," ló wí. "Àwọn ọmọ kún kíláàsì mi bí ẹ̀wà inú àpò. Gbogbo wọn ló kọ ọ́, àti ọmọ lèmọ́mù pàápàá. Ẹni tí ò bá lè kọ ilé, kí ni yóò kọ?" Ó yọ ṣọ́ọ̀kì lápò, ó wo yíká, ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí èéfín ti sọ di dúdú. "Wá kọ ọ́ síbẹ̀, Tuo Yaqin."

Orúkọ ilé-ìwé Máímunáì nìyẹn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde, bí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíì.

Ó gba ṣọ́ọ̀kì. Ìka rẹ̀ ti wú, ìkúùkù ló fi dì í mú. Ó ya òrùlé. Òrùlé náà dára, ó dọ́gba. Tíṣà mi orí. Guihua ti di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ànáì ń jẹ ètè, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ti dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ náà bojú wo ìyá rẹ̀. Ó bojú wo Ànáì. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó ti rí ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lọ sí ọ̀tún lábẹ́ òrùlé yẹn, ó sì kọ ọ́ bọ̀ wá sí òsì. Ìlà kékeré kan tó tẹ̀, ìrù kan, àwọn àmì tóótòòtó lókè.

"Kí nìyí?" Tíṣà tẹ̀ síwájú. "Kòkòrò ni?"

Ètè Ànáì ń mì, bó ṣe máa ń mì nígbàkígbà tó bá ń ka kéú. Lẹ́tà àkọ́kọ́. Lẹ́tà kejì. Ètè náà dúró gbọn-in. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é.

"Túúbà!"

Ọwọ́ tí kò na ọmọ yẹn rí ló gbá a lẹ́nu. Ọmọ ṣubú lu agolo èédú. "Túúbà! Túúbà! Lẹ́tà Ọlọ́run! O fi lẹ́tà Ọlọ́run kọ ọ́!" Ó sáré gbé búta aluwàlá, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ lu ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ nù ún, ó ń fi ìbòrí orí rẹ̀ nù ún, irun funfun rẹ̀ wà níta lójú ọkùnrin àti obìnrin.

Ohun tí tíṣà rí ni ìyá àgbà tó ń bínú pé ọmọ ò mọ̀wé. Ó mú Ànáì lápá. "Ẹ má lù ú, ìyá àgbà. Tí kò bá sí lórí, kò sí lórí. Kì í ṣe ohun tó ń pani. Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀." Ó gbé kábéèjì rẹ̀. Ó gbé ife tíì sílẹ̀ bó ṣe gbà á. Ó lọ.

Dáwúdè ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. "Ó parí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní dúró dọ̀la mọ́ o. Yìnyín yìí máa dí ọ̀nà òkè."

Yegubai mi orí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Guihua ti wólẹ̀ ti ọmọ rẹ̀ nídìí èédú. Ẹ̀jẹ̀ wà létè ọmọ náà. "Kí lo kọ? Máímunáì, kí lo kọ síbẹ̀?"

"Mo kọ ọ́, Màmá." Ojú rẹ̀ ń tàn síbẹ̀. "Ẹran yẹn wà níbẹ̀. Lẹ́tà Ànáì ni mo fi kọ ọ́. Gbogbo yín ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Guihua gbójú sókè wo ilẹ̀kùn. Omi ló ń sàn lára rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àti pé bó bá tilẹ̀ wà, kò ní lè kà á. Ó dìde, ó sì sá jáde pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé.

Tíṣà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí afárá. Yìnyín ń jábọ́ wínníwínní.

"Tíṣà! Ẹ dúró! Ó kọ ọ́! Ọmọ mi kọ ọ́!"

Tíṣà yíjú padà. "Kí ló kọ?"

"Ohun tí ẹ ní kó kọ! Ó wà níbẹ̀! Kéú ló fi kọ ọ́!"

Atẹ́gùn ń gbé ọ̀rọ̀ lọ. Tíṣà gbé ọwọ́ sétí. "Ẹ ní kí ló kọ? Àgùntàn?"

"Kì í ṣe àgùntàn!"

Àwọn ènìyàn ti jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, lọ́tùn-ún lósì. Jímọ̀ ni, àwọn ọkùnrin ṣì dé fìlà funfun. Guihua wò wọ́n. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè láàárín ìgboro, ó sì pe ẹran náà lórúkọ, ketekete, bí àwọn Han ṣe ń pè é, láìfi nǹkan kan bò ó.

 Ìyá Érsà fi ọwọ́ méjèèjì di ọmọ rẹ̀ létí. Bàbá Mín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun ló kọ́kọ́ tutọ́ sílẹ̀.

Tíṣà dúró lórí afárá. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló rò pé òun gbọ́. Ojú rẹ̀ tú ká díẹ̀díẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, kò sí obìnrin kan, kò sí ọkùnrin kan, tó pè é lórúkọ rí.

"Ẹ ṣé," ló ké padà. "Ẹ ṣé gan-an ni, Ìyá Yaqin. Ẹ wọlé, òtútù ń mú." Ó juwọ́ sí i, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ pẹ̀lú kábéèjì rẹ̀.

Nígbà tí Guihua padà délé, ẹnikẹ́ni ò yà fún un lọ́nà. Wọ́n ti yà kó tó dé. Omi ara ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti di yìnyín. Yegubai jókòó nídìí iná, ó ń jẹ ìyókù ẹ̀kọ nínú ìkòkò.

"Máímunáì dà?"

"Dáwúdè ní àwọn máa gba ọ̀nà etí odò, kó tó dí."

"Ṣé ó wọ kóòtù?"

Yegubai ha ìdí ìkòkò.

"Bàtà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Bàtà wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

"Mi ò wò ó."

Láti yàrá inú, ohùn Ànáì jáde wá, ohùn náà há, bí ohùn ẹni tó ti ń sunkún tàbí tó ti ń kírun. "Yegubai. Bu omi fún ìyàwó rẹ, kó fọ ẹnu rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé yìí."

Yegubai dìde, ó gbé búta fún un. Guihua gbà á, ó sì fọ ẹnu náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú yìnyín.

Ànáì ní òun ò gbọ́ kí omi dún. Ó ní kó tún un fọ̀.